Ẹ̀rọ Háyà Iwájú Kóòtù

“Ta ni mo ṣe fọ́tókọ́pì fún? Ẹ dárúkọ rẹ̀! Ṣé àwọn ẹyẹlé orí òrùlé kóòtù ni, àbí àwọn ajá títì?”

Ohùn Eulogia, ìyá Noelia, ròkè débi pé àwọn lọ́yà tó ń gun àtẹ̀gùn ilé ẹjọ́ lódìkejì títì dúró wò. Ó fọwọ́ mú ìbàdí, fìlà rẹ̀ ti fẹ́ ṣí bọ́, kò tiẹ̀ bìkítà. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni kóòtù ṣí padà lẹ́yìn ìsinmi. Kò sí ará ìlú Sucre tí kò mọ̀ pé bí àwọn adájọ́ bá ti lọ ìsinmi, títì yẹn á dá páropáro. Kò sẹ́jọ́, kò síwèé. Kò síwèé, kò sí fọ́tókọ́pì.

Fabricio Urdininea tó ń bá jà ò pariwo ní tiẹ̀. Ẹ̀rín ló ń rín. Òun ló ni iléeṣẹ́ tó háyà ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì ńlá fún wọn, ẹ̀rọ funfun báláú tó gba ìdajì ṣọ́ọ̀bù náà. Ó na ìwé owó oṣù sí ìyá yìí.

“Màmá, ẹ fara balẹ̀. Iye kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ máa san lóṣooṣù, bí ẹ ṣe ẹ̀dà ìwé o, bí ẹ ò ṣe o. Ó wà nínú àdéhùn.”

“Ẹ gbé ẹ̀rọ yín kúrò ní ṣọ́ọ̀bù mi, jàre!”

“Mo lè gbé e. Ẹ ó ṣì máa sanwó títí ọdún mẹ́ta á fi pé. Bí ẹ ò bá rí i san, ṣọ́ọ̀bù yìí lẹ fi dógò.” Ó wá yíjú sí ọmọbìnrin tó dúró sẹ́yìn káńtà. “Ẹ bi ọmọ yín. Òun ló kà á fún yín kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i. Àbí mo parọ́, ọ̀mọ̀wé?”

Ìyá Noelia yí ojú sí ọmọ rẹ̀. Noelia ò lè wo ojú yẹn. Bébà tó wà lórí káńtà ló ń tò, bébà tó ti tò tẹ́lẹ̀.

Òótọ́ kúkú ni. Lọ́jọ́ tí Fabricio kọ́kọ́ wá, ó bá àsíá ìlú lọ́wọ́ Noelia. Lọ́dọ̀ wọn, ọmọ tó bá mọ̀wé jù ní iléèwé ni wọ́n máa ń gbé àsíá fún, lọ́dún yẹn sì rèé, Noelia ni. Fabricio pàtẹ́wọ́. “Irú ọmọ báyìí! Kí lẹ tún fẹ́ fi lọ́yà ṣe, Màmá?” Orí Noelia wú bí búrẹ́dì inú ààrò. Ó ka ojú ìwé kìíní. Nígbà tó dé ìkejì, ó bá àwọn ọ̀rọ̀ tí kò yé e, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé àsíá á ṣe máa béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ oníṣòwò? Àwọn ojú ìwé yòókù, ńṣe ló ń ṣí wọn, tó ń mi orí. Ìyá rẹ̀, tí wọ́n mú kúrò níléèwé ní kékeré, bi í pé, “Ṣé ó dáa?” Ó dáhùn pé, “Ó dáa, Màámi.”

Wọ́n gbé ògbólógbòó ẹ̀rọ tí ìyá rẹ̀ fowó ara rẹ̀ rà lọ, Fabricio ní òun gbà á bí àsansílẹ̀. Wàhálà bẹ̀rẹ̀. Bí tónà, ìyẹ̀fun dúdú tó ń tẹ̀wé, bá tán, ti Fabricio nìkan ni ẹ̀rọ náà ń gbà. Wọ́n ra èyí tó dínwó lọ́jà, ẹ̀rọ yarí, kò tẹ ẹyọ kan. Bó bá bà jẹ́, ìgbà tó bá wu ẹni tó ń tún un ṣe ló ń yọjú, owó oṣù ò sì dúró dè é. Wọ́n ṣáà ń gbé e mì. Ti oṣù ìsinmi yìí ló wá há wọn lọ́fun.

Kí Fabricio tó lọ, ó dọ́gbọ́n pe Noelia sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀.

“Ọ̀la ni ẹgbẹ́ àwọn onífọ́tókọ́pì ń ṣèpàdé. Gbogbo wọn ni mo fẹ́ fún lẹ́rọ, ìwọ ni wọ́n sì máa bi léèrè, torí ìwọ lo mọ̀wé. Sọ fún wọn pé ó dáa. Màá fagi lé owó oṣù ìsinmi, ìyá ẹ á sinmi ariwo. Àmọ́ bó o bá ba ọjà mi jẹ́…” Ó wo ṣọ́ọ̀bù náà látòkè délẹ̀, ó tún nẹkitáì rẹ̀ ṣe, ó bá tiẹ̀ lọ.

Noelia fẹ́ gbà. Kí n má parọ́ fún yín, ó fẹ́ gbà á gan-an. Gbólóhùn kan péré, gbèsè á lọ, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀ pé kò ka ìwé náà. Ó mú ìwé àdéhùn náà, ó lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn kóòtù, ó sì kà á, ó kà á dópin lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ tí kò bá yé e, ó ń dá àwọn lọ́yà tó ń kọjá dúró bi wọ́n. Àwọn kan ṣe ṣíọ̀, àwọn kan ṣàlàyé. Ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ bá a.

“Kí lò ń kà? Ṣebí o ti kà á?”

“Mi ò kà á, Màámi.”

Ìyá náà wo ìwé náà, ó wo ọmọ rẹ̀. “O ò kà á. Èmi tí mò ń fi ẹ́ yangàn káàkiri títì yìí.”

“Fabricio ní bí mo bá sọ fún ẹgbẹ́ pé ó dáa, òun á fagi lé—”

“Mo gbọ́ ohun tó sọ. Ògiri kọ́ ló wà létí mi. Ṣé ojú ń tì ẹ́?”

“Ó ń tì mí.”

“Ó dáa. Lọ jẹ́ kó tì ẹ́ níwájú gbogbo ẹgbẹ́ lọ́la. Èmi nìkan kọ́ ló máa ru ìtìjú yìí.”

Lọ́jọ́ kejì, níbi ìpàdé ẹgbẹ́, Fabricio ti to àwọn ìwé àdéhùn sórí tábìlì, bírò kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá Saturnina, alága ẹgbẹ́, obìnrin tí ọlọ́pàá gan-an máa ń kí kó tó kọjá, ń jẹ ìpápánu ẹran lọ́wọ́. Noelia dìde. Ó gbé ìwé àdéhùn tiwọn sókè.

“Ẹ̀yin ìyá mi, èmi ni mo ní kí Màámi fọwọ́ sí tiwa. Mi ò kà á. Ìgbéraga ló ṣe mí. Àná ni mo wá kà á.”

“Ẹ gbọ́ o! Ẹni tó ń gbé àsíá!” ẹnì kan sọ lẹ́yìn. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ojú Noelia gbóná, kò jókòó.

“Ẹ fi mí rẹ́rìn-ín, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi bi ọ̀gá yìí: bí kóòtù bá tì, ta ló ń sanwó? Bí ẹ̀rọ bá kú, ṣé owó oṣù náà ń kú? Bí ọdún mẹ́ta bá pé tá ò tètè kọ̀wé ṣáájú pé a ò ṣe mọ́, ṣé kì í ṣe pé ó tún bẹ̀rẹ̀ lọ́tun nìyẹn?”

“Ọmọ kékeré ló ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí o!” Fabricio ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ etí rẹ̀ ti pọ́n. “Gbogbo ẹ̀ ló wà nínú ìwé. Ẹ jẹ́ ká tètè fọwọ́ sí i, ẹ̀dínwó yìí ò kọjá òní.”

“Ẹni tó bá ń kán yín lójú kẹ́ ẹ fọwọ́ síwèé,” Noelia sọ, “ẹ bi í pé kí ló ń lé e.”

Ẹ̀rín tán nínú yàrá. Ìyá Saturnina nu ọwọ́ rẹ̀.

“Fabricio, dá ọmọ náà lóhùn.”

“Màmá, mo ní ó wà nínú ì—”

“Ẹnu ẹ ni mo bi, n ò bi ìwé.”

Fabricio wo ìlà obìnrin tó jókòó síwájú rẹ̀, ó wo bírò tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn. Ó ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n fẹ́.

“Tú Eulogia sílẹ̀,” Ìyá Saturnina wí. “Dá ẹ̀rọ tiẹ̀ padà. Kó o tó ṣe ìyẹn, má bá wa sọ̀rọ̀ kankan.”

Ìbúra kọ́, ìlérí kọ́. Fabricio ló gbọ́ ohun tó wù ú nínú ẹ̀, pé bí òun bá ti ṣe é, wọ́n á fọwọ́ sí ìwé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ọkọ̀ akẹ́rù dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n sọ ògbólógbòó ẹ̀rọ wọn kalẹ̀, eruku bò ó. Ìyá Noelia fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún, ó tì í bọ iná, ó tẹ ẹ̀dà kan. Ó ń tẹ̀. Fabricio na ìwé ìtúsílẹ̀ sí Noelia. “Gbà. Ó ti parí.”

Noelia ò gbà pé ó parí. Ó kà á sókè lójú títì, gbogbo ẹgbẹ́ dúró ń gbọ́, ó sì dúró lórí ìlà kan. “‘Àyàfi gbèsè tó bá ṣẹ́ kù.’ Gbèsè wo nìyẹn, ọ̀gá?”

“Á à! Ṣé báyìí ni?” ìyá rẹ̀ wí.

Fabricio fa ìlà náà pa, ó lu òǹtẹ̀ lé e. Noelia ní kó tún kọ ọ́ pé wọn ò jẹ iléeṣẹ́ rẹ̀ ní kọ́bọ̀, títí kan ti oṣù ìsinmi. Ó kọ ọ́. Ó lu òǹtẹ̀. Noelia kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ká a, ó fi lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́.

Fabricio nu òógùn ojú rẹ̀, ó kó ìwé àdéhùn jáde nínú báàgì, ó gbé ẹ̀rín wọ̀ padà. “Ó ti tán, ẹ̀yin ìyá. Ta ni yóò kọ́kọ́ fọwọ́ sí i?”

Kò sẹ́ni tó mira. Ìyá Saturnina wo ẹ̀rọ funfun náà, ó wo ọkọ̀ tó ṣófo.

“Gbé ẹ̀rọ ẹ, Fabricio. Ó dí àwọn oníbàárà lọ́nà.”