Ẹ Má Fi Lọ́fínńdà Bo Òórùn Bẹntiróòlù

Àárọ̀ Sátidé ni. Ẹrù ti kún ẹnu ọ̀nà: àpò aṣọ, ìrọ̀rí ọmọ, ike omi, àti ẹsẹ̀ bàtà kan tí kò sẹ́ni tó mọ ibi tí ìkejì rẹ̀ wà. Bí ilé ṣe máa ń rí nìyẹn bí ìdílé bá fẹ́ rìnrìn àjò. Gbogbo èèyàn ló ń pariwo, kò sì sẹ́ni tó ń gbọ́.

Onígbàjámọ̀ ni baálé ilé náà. Ìjì ni àwọn oníbàárà rẹ̀ ń pè é, nítorí ó fẹ́ràn eré mọ́tò ju oorun lọ. Ìyàwó rẹ̀ ń ta lọ́fínńdà. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n bí. Wọ́n fẹ́ lọ kí ìyá ìyàwó ní ìlú tó jìnnà díẹ̀, àbúrò ìyá náà sì fẹ́ bá wọn lọ. Iṣẹ́ panápaná ni àǹtí yìí ń ṣe. Ó ti di ọ̀gá níbẹ̀, ohùn rẹ̀ sì tó agogo.

Ìjì ń nu ọkọ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ pupa kékeré ni, ṣùgbọ́n tọ́bò wà nínú rẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi ipá fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì kí agbára rẹ̀ lè pọ̀. Ìjì ti ní kí wọ́n bá òun fi kún agbára tọ́bò náà. Láti ìgbà yẹn, bí ó bá ń gun òkè tó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ńṣe ni ọkọ̀ á máa wúkọ́ bí arúgbó. Àwọn tó mọ ọkọ̀ sọ fún un pé epo kò tó o mu mọ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ni Ìjì bá lọ ra pọ́ǹpù epo tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tì í bọ inú táǹkì ọkọ̀ ní ẹ̀yìn ilé.

"Ẹni tó bá lè tú kílípà, tó sì lè tún un tò, kí ni kò lè tú?" Ohun tó sọ fún ìyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Àǹtí dé. Ìjì dọ̀bálẹ̀ sórí kọnkéré.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Iwájú lẹ máa jókòó. Lónìí lẹ máa mọ̀ pé ẹ ní àna!"

"Mo ti mọ̀ tipẹ́. Ariwo ọkọ̀ rẹ ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́."

Àǹtí ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kí ó gbé àpò rẹ̀ síbẹ̀. Bó ṣe yọjú sínú ọkọ̀ ló tún fà sẹ́yìn, ó di imú mú.

"Kí lèyí?"

"Lọ́fínńdà mi ni, Àǹtí," ni ìyàwó wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Èyí tó ń tà jù nínú ọjà mi. Mo fọ́n ọn sórí ìjókòó, mo wá so àwọn ìgò kékeré mọ́ dígí iwájú."

"Ìgò kan ló lè ṣe báyìí?"

"Ìgò mẹ́ta ni."

"Ṣé ọkọ̀ yìí fẹ́ lọ fẹ́ ìyàwó ni?"

"Àǹtí, òórùn bẹntiróòlù ló fà á. Látìgbà tí bàbá ọmọ mi ti fi pọ́ǹpù tuntun sí i ló ti ń rùn."

Ìjì tètè dá sí i. "Díẹ̀ ló ń rùn. Ọkọ̀ alágbára ni, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ṣé akọni lè ṣiṣẹ́ kó má làágùn?"

"Òógùn akọni kì í gbiná," ni Àǹtí dá a lóhùn. Ó na ọwọ́ sí ọmọ. "Wá, ọmọ mi. Báwo ló ṣe máa ń rí lẹ́yìn níbẹ̀?"

"Orí máa ń fọ́ mi, Màmá Panápaná. Mo máa ń yọ imú síta bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń gbé lọ sọ́jà. Ṣùgbọ́n Dádì ní kí n gbé dígí sókè, pé ó ń dín eré kù."

Ìyàwó bú sẹ́rìn-ín. Ìjì náà rẹ́rìn-ín. Àǹtí kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ sọ gbogbo ẹrù kalẹ̀. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìjì, fún mi ní kọ́kọ́rọ́ yẹn. Mi ò wọ ọkọ̀ yìí. Ọmọ yìí náà ò sì wọ̀ ọ́."

"Àǹtí! Màmá ń retí wa o!"

"Kó máa retí wa. Ó sàn kó retí wa ju kó gbọ́ ìròyìn wa."

Ara Ìjì bù máṣọ. Àwọn ará ilé kejì ti yọrí láti ojú fèrèsé, ó sì ti sọ fún gbogbo wọn láti àná pé kò sí ọkọ̀ tó máa ya òun sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

"Àǹtí, mo wo fídíò dáadáa kí n tó fọwọ́ kàn án."

"Ó dára. Rọ́bà wo lo fi so pọ́ǹpù mọ́ irin nínú táǹkì?"

"Rọ́bà gidi ni. Èyí tó ṣẹ́ kù nígbà tí a ṣe básíà ìfọrí ní ṣọ́ọ̀bù mi."

"Rọ́bà omi?"

"Omi ń gba inú ẹ̀ kọjá lójoojúmọ́, kò jò rí. Kí ló dé tí epo ò ní gbà á kọjá?"

"Wáyà ńkọ́?"

Ìjì wúkọ́. Òun náà wá dà bí ọkọ̀ rẹ̀. "Wáyà kílípà àtijọ́ kan ni. Ó ṣì lágbára."

"Ihò tí wáyà gbà wọ táǹkì, kí lo fi dí i?"

Ìjì tún bẹ̀rẹ̀ sí í nu ọkọ̀ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ rántí nǹkan kan, ó fi ọwọ́ ká orí. "Yéè! Aṣọ nílọ́ọ̀nù tẹ́ ẹ fi ń bo ọrùn oníbàárà! Ṣebí ẹ ní ẹnì kan ló jí i?"

"Àjákù rẹ̀ ni mo lò," ni Ìjì wí jẹ́jẹ́.

Àǹtí pàtẹ́wọ́. Ẹ̀rín wá gbé òun náà. "Ọkọ tú ṣọ́ọ̀bù palẹ̀ sínú mọ́tò, ìyàwó wá kó igbá ọjà lé e lórí. Ẹ mà bára yín mu o! Àfi kí ẹ rí i pé iná kò bá yín dá sí i."

Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ le.

"Ẹ gbọ́. Òórùn yẹn, ìránṣẹ́ ni. Ó ń wá jẹ́ iṣẹ́ fún yín láàárọ̀, ó ń wá jẹ́ ẹ nírọ̀lẹ́, ẹ̀yin wá fi lọ́fínńdà dí i lẹ́nu. Epo tó dà sílẹ̀ kọ́ ló kọ́kọ́ ń gbiná. Èyí tó ti fò sínú afẹ́fẹ́ ni. Ojú ò rí i, imú nìkan ló mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá wá tan imú jẹ, ta ló kù tó máa kìlọ̀? Lọ́fínńdà fúnra ẹ̀ ńkọ́? Kì í ṣe ọtí ló pọ̀ nínú ẹ̀?"

"Ọtí ni, Àǹtí. Wọ́n kọ ọ́ sára ìgò pé kí a má gbé e súnmọ́ iná."

"O kà á, o wá so mẹ́ta mọ́ dígí nínú oòrùn!"

Kò sẹ́ni tó ṣíná ọkọ̀ náà. Ìgbà tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá dáadáa, àwọn ará ilé kejì bá wọn tì í lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tó wà ní ìsàlẹ̀ òpópónà. Ẹ̀fẹ̀ ò jẹ́ kí wọ́n lè tì í dáadáa.

"Ìjì, ṣé atẹ́gùn ti tán ni?"

"Ẹ rọra o, ẹ máa bọ́ sílẹ̀ nínú eré!"

Sùúrù ni wọ́n ń pe mẹkáníìkì náà, orúkọ yẹn sì bá a mu. Kò fọwọ́ kan nǹkan kan títí ó fi gbé agolo ìpaná síbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti lè tètè tó o. Ó lé ẹni tó ń mu sìgá ní ẹnu ọ̀nà lọ. Ó tú orí bátìrì. Ó tú agbára epo tó há sínú páìpù sílẹ̀. Ìgbà náà ló tó ká ìjókòó ẹ̀yìn sókè, nítorí abẹ́ ìjókòó yẹn gan-an ni ẹnu táǹkì tí pọ́ǹpù ń gbà wọlé wà.

Gbogbo àyíká ẹnu táǹkì náà tutù fún epo. Sùúrù rọra fa pọ́ǹpù jáde, ó gbé e sínú abọ́, ó ní kí wọ́n wá wò ó.

Rọ́bà básíà náà ti wú. Ó ti rọ̀ bí búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì. Sùúrù fi ìka méjì kàn án, ó yọ̀ bọ́ kúrò lẹ́nu pọ́ǹpù. Èèpo ara wáyà kílípà ti yọ́, bàbà inú rẹ̀ ti hàn síta níbi tó ti fara kan irin ẹnu táǹkì.

"Pọ́ǹpù ńlá máa ń fa iná púpọ̀," ni Sùúrù wí. "Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ò lè gbé e, ó máa gbóná ni. Wáyà tó ti bó rèé. Epo rèé. Wọn ò tíì ta pàrà síra wọn ni."

Ìjì súnmọ́ ọkọ̀. Ó ń wo ìjókòó tí wọ́n ká sókè. Rìbọ́ọ̀nù ọmọ rẹ̀ ṣì há sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó jókòó sórí táyà kan tó wà nílẹ̀.

"Orí ibẹ̀ lọmọ mi ń jókòó sí," ló wí.

Ìyàwó rẹ̀ gbé ọwọ́ lé e léjìká. "Èmi náà ni mo sì ń fọ́n lọ́fínńdà sí i."

Ìjì gbójú sókè. "Ó dáa. Kí n ju pọ́ǹpù ńlá yìí nù, àbí?"

"Rárá o," ni Sùúrù dáhùn. "Pọ́ǹpù ò ṣẹ̀ ọ́. Ọkọ̀ rẹ nílò ẹ̀. Bí tọ́bò bá ń fẹ́ afẹ́fẹ́ púpọ̀ tí epo ò sì tẹ̀lé e, ẹ́ńjìnnì á gbóná kọjá ààlà, á sì jó ara ẹ̀ níhò. Ikọ́ tó ń wú yẹn, ebi ló ń pa á. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ra ẹnu ńlá gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà ọ̀fun tó bá a mu."

Ó wá ṣàlàyé. Nọ́sù tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ bá pọ́ǹpù mu. Asẹ́ epo gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun. Páìpù tó ń dá àṣẹ́kù epo padà sí táǹkì gbọ́dọ̀ gba èyí tó ń bọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, agbára á há sínú páìpù. Wáyà tó nípọn ni wọ́n ń fà láti ara bátìrì, fíúsì tirẹ̀ á sì wà nítòsí bátìrì. Wọ́n á dè é lọ́nà tó jẹ́ pé bí ẹ́ńjìnnì bá kú lójijì, bóyá ọkọ̀ kọlu nǹkan, pọ́ǹpù náà á dákẹ́. Ìkẹyìn ni wọ́n á fi kọ̀ǹpútà wò ó bóyá epo àti afẹ́fẹ́ dọ́gba nígbà tí ọkọ̀ bá ń ṣiṣẹ́ agbára.

"Rọ́bà ńkọ́?" Àǹtí bi í.

"Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú. Kì í ṣe ti omi nìkan ni kò dáa. Rọ́bà epo tó wà fún ìta táǹkì, inú ẹ̀ lè gba epo, ẹ̀yìn ẹ̀ ò lè gbà á. Bí ẹ bá rì í sínú táǹkì, á wú. Èyí tí wọ́n dìídì ṣe kó máa gbé inú epo wà, wọ́n sì ń kọ ọ́ sára ẹ̀."

Ìjì mi orí. "Ó yé mi wàyí. Ìpara tí mo fi ń pa orí oníbàárà, dáadáa ni. Mi ò kàn lè ní kí ó mu ún."

Sùúrù rẹ́rìn-ín débi pé ó gbé sípánà sílẹ̀.

Bọ́ọ̀sì ni wọ́n bá lọ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni Ìjì jókòó sí. Gbogbo ọkọ̀ tó bá ti kọjá, títí kan èyí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ já, ọmọ rẹ̀ á pariwo: "Dádì, wọ́n tún ti ya wá sílẹ̀!"

"Jẹ́ kí wọ́n máa lọ, ọmọ mi."

Nígbà tí wọ́n dé, ìyá àgbà wo ẹ̀yìn wọn. "Ọkọ̀ tí ẹ ń fi ariwo rẹ̀ kí mi lórí fóònù dà?"

"Ó wà ní ọsibítù, ẹ̀gbọ́n mi," ni Àǹtí wí. "Wọ́n ń fún un lẹ́jẹ̀."

Nígbà tí Sùúrù parí iṣẹ́, ìyàwó ló kọ́kọ́ wọ inú ọkọ̀. Ó pa gbogbo ilẹ̀kùn dé, ó jókòó síbẹ̀, ó ń fimú kiri bí ológbò. Ó gbóòórùn ìjókòó. Ó gbóòórùn eruku. Kò gbóòórùn míì. Ìgbà náà ló tó ní kí ọmọ wọlé.

Wọ́n gun òkè ńlá tó wà lẹ́yìn ìlú. Ìjì tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn díẹ̀. Ọkọ̀ ò wúkọ́ mọ́, ńṣe ló ń gòkè bí ẹni tó jẹun yó. Ìjì wo ẹ̀yìn nínú dígí, ó fẹ́ bi ọmọ rẹ̀ bí orí ṣe rí. Ọmọ ti sùn lọ. Dígí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wà lókè, imú rẹ̀ sì wà nínú ọkọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀, ẹ gbọ́. Kò sí ọkọ̀ tó yẹ kó máa rùn bẹntiróòlù nínú, ìbáà jẹ́ alágbára, ìbáà jẹ́ ògbólógbòó. Bí ẹ bá gbóòórùn rẹ̀, ẹ dúró, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí gbogbo èèyàn sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ ṣí ilẹ̀kùn. Ẹ má tún ṣíná rẹ̀ títí mẹkáníìkì yóò fi rí ibi tó ti ń jò. Ẹ má fi òórùn dídùn bò ó.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ọkọ̀ yín lágbára sí i, kò sẹ́ni tó ní kí ẹ má ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ iṣẹ́ epo ọkọ̀ ni kí ẹ gbé e fún. Ẹ béèrè irú rọ́bà tó lò, ẹ ní kó fi wáyà àti fíúsì hàn yín, ẹ jẹ́ kó wọn epo àti afẹ́fẹ́ kó tó dá kọ́kọ́rọ́ padà. Ẹ ní agolo ìpaná nínú ọkọ̀. Bí ọmọ bá sì ní orí ń fọ́ òun lẹ́yìn ọkọ̀, ẹ gbà á gbọ́.

Ìyàwó Ìjì ṣì ń ta lọ́fínńdà, ọjà sì ń yá. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ ra ti inú mọ́tò, á di ìgò náà mú ná, á wo onítọ̀hún lójú, á bi í pé: "Ṣé kí ọkọ̀ lè máa ta sánsán ni, àbí nǹkan kan wà níbẹ̀ tí ẹ fẹ́ fi bò?"