Ọ́ìlì Lójú Odò

Omi odò mu ọmọbìnrin kan dé orókún. Ó ń fi réèkì wọ́ ọ̀rá àti ike tó há sábẹ́ afárá jáde, ó sì ń kó wọn sínú àpò. Àwọn yòókù nínú ẹgbẹ́ atúnodòṣe ti lọ jìnnà sísàlẹ̀, kò gbóhùn wọn mọ́. Ibẹ̀ ló wà tó fi rí nǹkan dúdú kan tó ń rọra bọ̀ lójú omi, tó ń dán nínú oòrùn. Ó fọwọ́ kàn án, ó ń yọ̀. Ó gbé e sí imú. Ọ́ìlì ọkọ̀ ni.

Olódò ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin yìí nílé ìwé, torí pé gbogbo àárọ̀ Sátidé ló fi ń bá àwọn àgbàlagbà tún odò àdúgbò wọn ṣe láìgba kọ́bọ̀. Ẹlẹ́yinjú, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Láti jẹ́lé-ó-sinmi ni àwọn méjèèjì ti jọ ń jókòó sórí bẹ́ńṣì kan náà.

Olódò tọ ọ́ìlì náà lọ sókè odò títí ó fi dé ẹ̀yìn ọgbà mẹkáníìkì kan. Ó mọ ọgbà náà bí ẹni mọ ilé baba rẹ̀. Bàbá Ẹlẹ́yinjú ló dúró síbẹ̀, tó ń da ọ́ìlì tó ti ṣú sínú gọ́tà tó wọ odò lọ. Ẹlẹ́yinjú gbé bàsíà kejì dání lẹ́yìn rẹ̀. Ojú àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì ṣe mẹ́rin.

Lọ́jọ́ Ajé, Ẹlẹ́yinjú fà á lọ sẹ́yìn kíláàsì.

“Jọ̀ọ́, má sọ fún Ìyá Nọ́ọ̀sì.” Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì yìí ló ń darí ẹgbẹ́ náà. “Wọ́n á ti ọgbà bàbá mi pa. Kí la fẹ́ máa jẹ?”

“Ṣé wọn ò lè dà á síbòmíràn ni?”

“Ta ló fẹ́ bá bàbá mi sọ ọ́? Ìwọ?”

Olódò padà wọ kíláàsì, kò sì sọ fún Ìyá Nọ́ọ̀sì.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni àwọn pẹ́pẹ́yẹ ìyá àgbà kan tó ń dá gbé nídìí afárá bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Nígbà tí Olódò kọjá, ìyá náà gbé èyí tó kù lé itan, ó ń fi etí aṣọ nu ọ́ìlì lára rẹ̀.

“Ọmọ mi, o ò rí ẹni tó ń da nǹkan yìí sódò?”

“Rárá, Màmá.”

“Àwọn pẹ́pẹ́yẹ yìí ni mò ń bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀,” ni ìyá náà wí.

Irọ́ náà ń dun Olódò. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó gba ọgbà mẹkáníìkì lọ.

“Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ọ́ìlì tí ẹ̀ ń dà sí gọ́tà ń pa nǹkan lódò.”

Bàbá Ẹlẹ́yinjú ò tilẹ̀ gbójú sókè nídìí ẹ́ńjìnnì. “Ọmọ àná! Kí wọ́n tó bí ọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí. Máa lọ sílé ìwé ẹ.”

Ọ́ìlì kò yéé ṣàn. Ni Olódò bá dìde ní ìpàdé ẹgbẹ́, ó sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ọjọ́ tó ti mọ̀ tí kò sọ. Wọn ò ti ọgbà ẹnikẹ́ni pa. Ìyá Nọ́ọ̀sì àti àwọn àgbà àdúgbò lọ bá mẹkáníìkì náà, wọ́n ní kó máa da ọ́ìlì rẹ̀ sínú àgbá, àwọn á máa wá ẹni tó ń rà á. Ó kùn, ṣùgbọ́n ó gbà.

Ẹlẹ́yinjú ní tirẹ̀ kó ìwé, ó lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì tó wà lẹ́yìn pátápátá nínú kíláàsì. Láti ọjọ́ náà, ó yí ohùn orúkọ yẹn padà: Olódò di Olódo, bí ẹni gba òdo nínú ìdánwò. Gbogbo kíláàsì gbà á bí orin. Lásìkò ìsinmi, Olódò á dá jókòó lórí bẹ́ńṣì tó ti wá gùn jù fún ẹnì kan, á ṣe bí ẹni ń kàwé.

“Màmá, ṣé mo ṣe àṣìṣe ni?” ló bi ìyá rẹ̀ nílé.

“O pẹ́ kó o tó sọ̀rọ̀, ìyẹn ni àṣìṣe rẹ,” ni ìyá rẹ̀ dáhùn. “Sísọ tó o sọ ọ́ dára. Òtítọ́ korò, ọmọ mi, ẹni tó sọ ọ́ náà á tọ́ ọ wò.”

Òjò rọ̀, odò kún, nígbà tó sì fà, omi rẹ̀ tún mọ́ débi tí a fi ń rí òkúta nísàlẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé kan, Ẹlẹ́yinjú gba orí afárá kọjá. Olódò gbọ́wọ́ sókè kí i láti inú omi. Ẹlẹ́yinjú dúró díẹ̀, ó wo odò, kò wo ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Olódò sọ ọwọ́ kalẹ̀. Omijé bọ́, ó fi apá nù ún, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ iṣẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má jẹ́ kí ìfẹ́ ọ̀rẹ́ pa yín lẹ́nu mọ́ nígbà tí ohun tí gbogbo ayé jọ ni ń bàjẹ́. Ẹni tó bá sọ òtítọ́ lè dá jókòó fún ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó dákẹ́ náà jọ ba odò jẹ́ ni.