Àádọ́rùn-ún Mítà

Omi òjò ń kán tó-tó láti ara aṣọ awakọ̀ òfurufú ológun kan sílẹ̀ ọ́fíìsì, nígbà tó na ìka sí kọ̀ǹpútà omidan tó ń ya máàpù.

"Waya wà níbí. Ẹ ò yà á. Díẹ̀ ló kù kó gé mi lọ́rùn."

"Ẹ̀yin náà ẹ ṣáà gòkè díẹ̀. Àbí ẹ̀rù òkè ń bà yín ni?"

Awakọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó máa fò nílẹ̀ẹ́lẹ̀, láàárín òkè. Máàpù omidan yìí ló sì ń hàn lórí sikirínì iwájú rẹ̀. Ohun tó bá ga tó ọkọ̀ a máa pọ́n, èyí tí kò bá ga tó o a máa ní àwọ̀ ewé. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọ̀sẹ̀ tí kò ní rí waya kan tó fẹ́ fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ẹ wo bí ìfẹ́ ṣe ń wá àwáwí. Omidan sọ ọ́ ní Ọ̀gá Waya, ọ̀rọ̀ wọn sì wọ̀ dáadáa.

Ìyá omidan ò gbà kí wọ́n fẹ́ra. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ló pa ọkọ tirẹ̀, ẹni tí ejò bá sì ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá.

"Ọmọ mi, opó méjì ò ní gbé ilé yìí. Yan èmi tàbí òun."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, omijé ò jẹ́ kí omidan ríran dáadáa níbi iṣẹ́. Wọ́n gbé ìwé òpó tẹlifóònù tuntun kan fún un: gíga rẹ̀, àádọ́rùn-ún mítà. Ẹsẹ̀ bàtà, tí mẹ́ta rẹ̀ kò tó mítà kan, ni kọ̀ǹpútà ń gbà, ṣùgbọ́n kò ṣírò ó padà. Àádọ́rùn-ún náà ló tẹ̀ síbẹ̀, òpó gíga bá di kúkúrú lórí máàpù.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Ọ̀gá Waya fi kọ lu òpó náà. Páráṣúùtì gbé e sọ̀kalẹ̀ láàyè, ṣùgbọ́n eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ti dá. Dókítà ní kò ní wakọ̀ òfurufú mọ́ láyé.

"Tí kò bá ti ní fò mọ́," ni ìyá wí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn, "ẹ lè fẹ́ra yín."

Ọ̀rọ̀ náà gún omidan lọ́kàn. Ó dá wọlé, ó kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì.

"Èmi ni mo ṣi gíga òpó yẹn kọ. Mítà ni, mo pè é ní ẹsẹ̀ bàtà."

Ọ̀gá Waya yí ojú sí i. "Mo rí òpó náà lọ́ọ̀ọ́kán. Ojú mi ní ó ga, sikirínì ní kò ga. Mo ní ìwọ lo yà á, o ò lè ṣì mí lọ́nà. Ni mi ò bá gòkè."

Omidan bú sẹ́kún. "Jẹ́ kí n máa lọ."

"Mi ò ní kí o lọ. Inú ń bí mi ni. Á máa bí mi lọ́la náà, bóyá títí di ọdún tó ń bọ̀. Ṣé wàá lè fẹ́ ẹni tínú ń bí sí ẹ?"

"Màá fẹ́ ẹ."

"Tí mo bá ń bú ẹ ńkọ́?"

"Màá jókòó, kí o bú mi tán."

Ó na ọwọ́, nítorí kò lè dìde. Omidan gbá a mú. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú wọn, wọn ò sì fi ara wọn sílẹ̀ títí nọ́ọ̀sì fi wọlé.