Ohùn Tó Pe Ìyá Diamond

Lórí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n ti bá Diamond. Ó fi iwájú orí ti ara ògiri kòtò, bí ẹni tó ń gbàdúrà lọ́wọ́. Kò sí ẹ̀jẹ̀. Kò sí ọgbẹ́. Fóònù rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ọwọ́ náà sì ti gan.

Kúnbi Ṣíjúadé, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, dúró létí kòtò, ó ń wò ó. Ó ti rí òkú púpọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá, àmọ́ òkú ọ̀dọ́ kì í mọ́ èèyàn lójú. Ọmọkùnrin yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ tó ẹni tí wọ́n ń bi pé ìgbà wo ló máa mú ìyàwó wálé ni.

Ilé ìwádìí kan ni, ní ọ̀nà Àìlégùn. Ẹ̀rọ ńlá kan ló wà níbẹ̀, tó ń mú àwọn èérún tí ojú ò lè rí sáré àsápajúdé, títí wọn á fi lọ kọlu ohun tí wọ́n bá fẹ́ yẹ̀ wò. Kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ náà, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá gbogbo ohun tó lè ṣe èèyàn ní jàǹbá: iná, ìtànṣán, gáàsì. Wọ́n á wọ gbogbo kọ̀rọ̀, títí kan kòtò tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ. Ẹnì kan á sọ̀kalẹ̀, ẹnì kan á dúró létí kòtò, á máa dá a lóhùn. Iṣẹ́ yẹn ni Diamond ń ṣe láàárọ̀ ọjọ́ náà.

"Ta ló dúró létí kòtò?" Kúnbi béèrè.

"Èmi ni," Adéyínká dáhùn. Òun ni ẹnjiníà àgbà. Òun náà sì ni àbúrò ìyá Diamond. Òun ló mú ọmọ náà wọ ibi iṣẹ́, ilé rẹ̀ ní Máfolúkù lọmọ náà sì ń gbé. Ojú rẹ̀ ti wú. "Àwọn àlejò tó fẹ́ wo ẹ̀rọ ló dé. Mo ní kí n lọ pàdé wọn lẹ́nu géètì. Mi ò pẹ́, Màdáàmù. Ọlọ́run ló mọ̀ pé mi ò pẹ́."

Wọ́n gbé òkú náà jáde, wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú kòtò dáadáa, Kúnbi sì sọ̀kalẹ̀. Aláàmù kan wà lára ògiri, èyí tó máa ń han gooro bí afẹ́fẹ́ tí èèyàn ń mí bá ń tán lọ. Ó ga ju orí Kúnbi lọ. Nísàlẹ̀, níbi orúnkún, ojú ìṣó mélòó kan wà lára ògiri, tí wọ́n fi pútì funfun dí. Ó fi ìka tẹ ọ̀kan. Pútì náà ò tíì gbẹ tán.

Nílé Adéyínká ní Máfolúkù, ìyá Diamond jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọjà Bọ́ládé ló ti ń ta ìbọ̀sẹ̀ ọmọ iléèwé, ibẹ̀ náà ni ìròyìn ti bá a. Àwọn obìnrin ilé dì í mú lápá ọ̀tún àti òsì.

"Ẹnì kan gba fóònù ọmọ mi," ló ń wí ṣáá. "Ó pè mí láàárọ̀. Nọ́ńbà Diamond ni mo rí, àmọ́ ọkùnrin àgbàlagbà ló ń sọ̀rọ̀. Ohùn ẹ̀ nípọn, ó ń wọ́ nílẹ̀. Ó ń pè mí ní Màámi! Mo ní, 'Ta ni ìwọ? Mi ò bí irú ẹ! Gbé fóònù fọ́mọ mi, olè!' Mo bá pa á."

"Kí ló tún sọ, Màmá?"

"Mi ò jẹ́ kó sọ ọ́. Ọmọ mi, bá mi wá ọkùnrin yẹn. Òun ló pa á. Kí n ṣáà mọ̀ ọ́n."

Kúnbi ṣèlérí fún un. Ìlérí yá lẹ́nu, kò mọ ohun tó ń ṣèlérí.

Bó ṣe jáde, Adéyínká tẹ̀ lé e. Kúnbi sọ fún un ohun tí ìyá Diamond wí.

"Jeremy ni," ló ní. "Jeremy tó ń ṣọ́ géètì. Ta ló tún ní irú ohùn bẹ́ẹ̀ láàárín wa? Diamond ló fẹjọ́ ẹ̀ sùn pé ó ń sùn lẹ́nu iṣẹ́."

Wọ́n mú Jeremy. Lóòótọ́, ohùn rẹ̀ ń dún bí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gun òkè.

"Ìwọ lo pe ìyá Diamond?"

"Èmi kẹ̀? Madam, abeg o! Káàdì mi ò lè ṣí ilẹ̀kùn ibi ẹ̀rọ yẹn, ẹ dán an wò. Géètì ni mo wà. Èmi àti Ọ̀gá Yínká la jọ dúró, tí à ń gba àwọn àlejò wọlé. Ẹ bi wọ́n!"

Kúnbi bi wọ́n. Àwọn àlejò náà ní bẹ́ẹ̀ ló rí. Kí ló wá dé tí Adéyínká fi nàka sí ẹni tí wọ́n jọ dúró?

Ó lọ bá Lateefah. Ọ̀dọ́mọbìnrin kúkúrú kan ni, òun ló máa ń sọ pé ewu ò sí kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, ó ti dá iṣẹ́ dúró torí pé aláàmù kòtò ń han.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi gbà lọ́tẹ̀ yìí?"

"Aláàmù ò han mọ́. Ọ̀gá Yínká ní àwọn ti dí ibi tí gáàsì ń gbà jò."

"Ṣé ẹ sọ̀kalẹ̀ lọ wò ó?"

Lateefah gbé ojú sílẹ̀. "Mo na ọrùn wò ó látòkè. Màdáàmù, wọ́n dàgbà ju bàbá mi lọ. Wọ́n ní àwọn ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣé kí n wá máa yẹ̀ wọ́n wò ni?"

Kúnbi sọ ti ohùn tó nípọn fún un. Kò tíì sọ ọ́ tán tí Lateefah fi ọwọ́ bo ẹnu. Omi lé ròrò sójú rẹ̀.

"Yéè! Kì í ṣe ẹlòmíì o. Gáàsì tí wọ́n ń lò kí iná ẹ̀rọ má bàa ta wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ìsàlẹ̀ ló máa ń lọ, bí omi. Kò ní àwọ̀, kò rùn. Ẹni tó bá fà á símú, ohùn rẹ̀ á nípọn bíi tàgbàlagbà, kó tó mọ nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti dákú. Ọ̀gá Yínká ló kọ́ gbogbo wa. Diamond ni, Màdáàmù. Diamond ló ń pe ìyá ẹ̀."

Ọkàn Kúnbi bàjẹ́. Àmọ́ bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran.

"Níbo ló yẹ kí aláàmù yẹn wà?"

"Nísàlẹ̀. Níbi orúnkún."

Ó padà sí Máfolúkù. Adéyínká nìkan ló wà ní pálọ̀. Bàálù kan ń kọjá lókè ilé, Kúnbi dúró kí ariwo rẹ̀ lọ.

"Ẹ̀gbọ́n," ló ní, "bí mo ṣe sọ ti ohùn yẹn fún Lateefah, lójú ẹsẹ̀ ló mọ̀ pé gáàsì ni. Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ. Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ, Jeremy lẹ dárúkọ, Jeremy tẹ́ ẹ jọ wà lẹ́nu géètì. Ẹ ò fẹ́ ká ronú dé ọ̀rọ̀ gáàsì. Ẹ̀yin lẹ tú aláàmù nísàlẹ̀, tẹ́ ẹ kàn án mókè, tẹ́ ẹ fi pútì dí ojú ìṣó."

Adéyínká ò jiyàn. Ó jókòó.

"Ó ń han ṣáá," ló ní. "Irin tá a máa fi pààrọ̀ èyí tó ń jò ò tíì dé. Mo rò pé gáàsì tó ń jáde ò tó nǹkan. Wọ́n sì ti sọ pé bí ẹ̀rọ ò bá ṣiṣẹ́ níwájú àwọn àlejò, àwọn ọmọ tí wọ́n gbà gbẹ̀yìn ni wọ́n máa kọ́kọ́ dá dúró. Diamond wà nínú wọn. Tìtorí ẹ̀ ni mo ṣe ṣe é! Mo ní bí àlejò bá ti lọ, màá dá a padà sáyè ẹ̀."

"Diamond ò rí i ni?"

"Ó rí i. Ó ní, 'Bọ̀dá, aláàmù yìí ga jù.' Mo ní ṣé ó fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ tí mo kọ́ ọ ni. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí n má bínú. Ó bá wọ inú kòtò lọ."

Kúnbi fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Kò bìkítà pé ọ̀daràn ń wo òun.

Kọ́tìnì ẹnu yàrá mì. Ìyá Diamond ló dúró níbẹ̀. Kúnbi ló kọjú sí.

"Ohùn yẹn. Ṣé ọmọ mi ni?"

Irọ́ kan wá sí Kúnbi lẹ́nu, irọ́ àánú. Kò lè pa á. "Òun ni, Màmá."

Obìnrin náà rọra mi orí, bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tó sì ti gbọ́ ọ. Adéyínká na ọwọ́ méjèèjì síwájú, Kúnbi sì fi ṣẹkẹṣẹkẹ sí i. Wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà kí ìyá Diamond tó sọ̀rọ̀.

"Ká ní mo jẹ́ kó sọ̀rọ̀, ká ní mo mọ̀ pé òun ni, ta ni ǹ bá sáré pè?" Ó ń wo àbúrò rẹ̀. "Ìwọ ni ǹ bá pè, Yínká. Ìwọ nìkan ni mo mọ̀ níbẹ̀."