Aṣọ Ìkélé Bi-Mí

Béèyàn bá wọ ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan tó ń ṣe àga, aṣọ ìkélé ló máa kọ́kọ́ rí. Aṣọ búlúù kan tó nípọn wà láàárín káfíńtà àti obìnrin tó ń rán tìmùtìmù. Òmíràn wà láàárín aránṣọ yẹn àti ọkùnrin tó ń kun àga. Obìnrin náà, ọ̀gá wọn, ló fi wọ́n kọ́ síbẹ̀. Ó ní bí àwọn òṣìṣẹ́ bá ti ń rí ojú ara wọn, ẹnu wọn kì í sinmi. Bẹ́nì kan bá sì ní ìbéèrè, á pariwo mọ́ ọn pé, "Bi mí! Má bi ẹnikẹ́ni!" Bó ṣe di ẹni tí wọ́n ń pè ní Bi-Mí lẹ́yìn rẹ̀ nìyẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yìí, ara Bi-Mí kò balẹ̀ rárá. Ó jókòó, ó dìde, ó gbé fóònù, ó gbé e kalẹ̀. Ilé ìgbẹ̀bí tuntun kan ló ní kó ṣe àga fún àwọn aláboyún. Ọ̀la ni wọ́n máa ṣílẹ̀kùn. Bí àga ò bá dé láàárọ̀, ẹlòmíràn ni wọ́n máa gbé iṣẹ́ náà fún, òun á sì ní káwọn òṣìṣẹ́ òun máa lọ sílé, torí kò síṣẹ́ mìíràn nílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, nọ́ọ̀sì àgbà, ti yà wá kí i. "Àbúrò mi, jókòó. Òòyì ń kọ́ mi bí mo ṣe ń wò ẹ́."

"Ẹ jẹ́ n yẹ àwọn àga yìí wò ná, ẹ̀gbọ́n mi." Ó gbé tìmùtìmù kan lé àga. Háà! Tìmùtìmù ò kún àga. Igi yọ lọ́tùn-ún, igi yọ lósì. Ó gbé òmíràn, bákan náà ni.

"Mo gbé! Káfíńtà! Ta ló ní kó o fẹ àga lójú báyìí?"

"Ẹ̀yin ni, Ọ̀gá. Ẹ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ ní oníbàárà ní kó fẹ̀ sí i torí àwọn aláboyún."

Òótọ́ ni. Ó kọjú sí aránṣọ. "Ìwọ ńkọ́?"

"Ìwọ̀n tẹ́ ẹ fún mi níbẹ̀rẹ̀ ni mo lò. Ẹ ò sọ pé ó ti yí padà." Obìnrin náà wolẹ̀. "Mo tiẹ̀ rí àga náà nígbà tí wọ́n ń gbé e kọjá, ó ṣe mí bákan. Mo pè yín, ẹ ò gbé fóònù. Ẹ sì ní ká má bi ẹnikẹ́ni."

"Èmi náà rí i," ọkùnrin tó ń kun àga sọ látẹ̀yìn ìkélé tirẹ̀.

"Gbogbo yín rí i, ẹ wá panu mọ́! Ó yá, ẹ máa lọ sílé yín!"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ta lò ń lé? Ṣé àwọn tó o fi aṣọ dí lójú? Ní wọ́ọ̀dù tiwa, nọ́ọ̀sì àárọ̀ kì í kàn gbé báàgì kó máa lọ. Òun àti ẹni tó fẹ́ gba iṣẹ́ á jọ dúró ti aláìsàn, wọ́n á sọ ohun tó yí padà. Bó bá jẹ́ ẹnu tèmi nìkan ni gbogbo ọ̀rọ̀ ń gbà kọjá, ọjọ́ tí mo bá gbàgbé, òkú la máa gbé."

"Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, wọn ò ní ṣiṣẹ́."

"Wọ́n dákẹ́. Ṣé iṣẹ́ wá nìyí?"

Ojú ti Bi-Mí, inú sì tún ń bí i pé ojú ti òun. Ó pe àwọn mẹ́ta náà yí àga kan ká. Ọ̀rọ̀ náà ṣòro lẹ́nu rẹ̀. "Kí la máa ṣe báyìí?"

Wọ́n kọ́kọ́ ń wo ara wọn bí àlejò. Káfíńtà ní òun lè rẹ́ àga kù. "Àwọn aláboyún náà ńkọ́?" aránṣọ bi í. "Àjákù fóòmù wà tá a lè fi kún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Aṣọ ni kò sí. Àfi..." Ó wo ìkélé, ó yára gbójú kúrò.

Bi-Mí rí i. Ó la ẹnu láti jágbe, àmọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó, ló bá pa ẹnu dé. Ó dìde, ó já aṣọ ìkélé lulẹ̀ fúnra rẹ̀. "Ó yá, gé e."

"Bó bá jẹ́ búlúù lẹ á fi ṣe etí rẹ̀," ọkùnrin tó ń kun àga ní, "ẹ jẹ́ n kun ẹsẹ̀ àga ní búlúù. Wọ́n á rò pé a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni."

"Ọlọ́gbọ́n-ẹ̀wẹ́!" ni káfíńtà fi dá a lóhùn, ó ti ń fi ayùn gé fóòmù. Bi-Mí ń sáré kiri, ó ń kó èyí fún tọ̀hún, ó ń wo oòrùn bíi kó fi okùn so ó mọ́lẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo wọn jọ gbé àwọn àga náà dé ilé ìgbẹ̀bí. Olórí ibẹ̀ jókòó sórí ọ̀kan, ó tún ìjókòó ṣe, ó rẹ́rìn-ín. "Etí búlúù yìí mà wù mí o. Ta ló ronú kàn án?"

Bi-Mí ti fẹ́ sọ pé, "Ẹ bi mí," bó ṣe máa ń sọ. Ó yí ọ̀rọ̀ náà padà. "Àwọn nìyí," ó ní, ó nawọ́ sáwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. "Ẹ bi wọ́n."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní òwò tẹ́ ẹ sì gba èèyàn síṣẹ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Bí oníbàárà bá yí nǹkan padà, ẹ pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ kí wọ́n gbọ́ ọ pa pọ̀. Kí iṣẹ́ tó ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, kí àwọn méjèèjì jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó bá rí àṣìṣe tó sì sọ ọ́, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, torí bẹ́ ẹ bá jágbe mọ́ ọn lónìí, á dákẹ́ lọ́la. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Bí ìkélé bá wà láàárín àwọn òṣìṣẹ́ yín, ẹ tètè já a lulẹ̀, kó tó di pé òun lẹ máa fi lẹ iṣẹ́ tó ti bàjẹ́.