Ọmọ Àwòrò àti Ẹni Tó Dúró Níta

Yìnyín ń bọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sí èjìká ọkùnrin náà, síbẹ̀ kò kọjá òpó méjì tó wà lẹ́nu ọ̀nà ojúbọ. Ó dúró síta, ó tẹrí ba títí. Chizuru, ọmọbìnrin àwòrò, tó ń gbá àgbàlá, dáwọ́ dúró.

"Ẹ wọlé o, kí òtútù má baà pa yín."

"Màmá mi ló kú. Ó di ọjọ́ mẹ́sàn-án lónìí."

Ó yé Chizuru. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kì í wọ iwájú òrìṣà àfi tí àádọ́ta ọjọ́ bá pé. Tokuji ló ń jẹ́, agbẹ̀ ìrẹsì ní ìsàlẹ̀ òkè. Oǹdè tí ìyá rẹ̀ gbà ní ojúbọ náà lọ́dún tó kọjá ló mú wá, kí wọ́n bá a sun ún bí àṣà. Chizuru nawọ́ gbà á. Ìka wọn kanra, ojú ti àwọn méjèèjì.

Láti ìgbà náà, àràárọ̀ ni Tokuji ń gòkè. Òun á dúró níta, Chizuru á dúró nínú.

"O tún ti dé? Ṣé ilé ò gbà ọ́ ni?"

"Ìrẹsì ló tún jóná. Ìkòkò màmá ò tíì mọ ọwọ́ mi."

Chizuru rẹ́rìn-ín, àmọ́ lọ́jọ́ kejì ó di ìrẹsì wá fún un.

Nígbà tí àádọ́ta ọjọ́ pé, Tokuji fọwọ́, ó fọnu, ó wọlé lọ júbà òrìṣà. Lẹ́yìn náà ló lọ kúnlẹ̀ síwájú baba Chizuru, ó tọrọ ọmọ rẹ̀ láti fi ṣaya.

Àwòrò nawọ́ sí ojúbọ. "Ìran mẹ́tàdínlógún ni ilé wa ti ń sin òrìṣà yìí. Mi ò bí ọkùnrin. Ẹni tó bá máa fẹ́ Chizuru á fi orúkọ ilé rẹ̀ sílẹ̀, á jẹ́ tiwa, á di àwòrò."

"Bàbá, èmi nìkan ni màmá mi bí. Bí orúkọ wa bá parẹ́, ta ni á máa bu omi sí ibojì rẹ̀?"

Ó forí balẹ̀, ó dìde pé kóun máa lọ.

"Bàbá," ni Chizuru wí lẹ́nu ọ̀nà, "ẹ fi èmi jẹ àwòrò."

"Ìwọ? Ìwọ tí ohùn rẹ ò tó etí ológbò?"

Chizuru wólẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àdúrà òwúrọ̀, èyí tó gùn jù. Kò ṣi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan títí ó fi kà á tán.

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ yín lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

Omi dà lójú àgbàlagbà náà. "Jẹ àwòrò, kí o sì bá ọkọ rẹ jẹ́ orúkọ ilé rẹ̀. Orúkọ wa á lọ, Chizuru. Ohùn wa ò ní lọ."

Lẹ́yìn ìkórè, àwọn méjèèjì jọ mu ọtí ìrẹsì nínú ife mẹ́ta níwájú òrìṣà, bí àṣà ìgbéyàwó wọn.

"Ṣé àyà ò já ọ?" ni Tokuji bi í jẹ́jẹ́.

"Ó ń já," ni Chizuru dáhùn. "Ọkọ mi, sún mọ́ mi."