Ohun tí Ṣàkírù Kò Lè Tà

Òjò ọ̀sán gangan ti lé gbogbo èèyàn wọ abẹ́ páànù ní ọjà Dantokpa lọ́jọ́ tí Clotilde kọ́kọ́ rí Ṣàkírù. Ó ń bọ̀ láàárín ẹrẹ̀, kò sáré, kò wọ ẹ̀wù. Ẹ̀wù rẹ̀ ló fi wé kọ̀ǹpútà ògbólógbòó kan, ó gbé e mọ́ àyà bí ọmọ tuntun.

Clotilde bi í pé ṣé nítorí irin ni ó ṣe ń fi ara rẹ̀ fún òjò.

"Èmi á gbẹ, tàǹtí," ni Ṣàkírù dáhùn. "Èyí ò ní gbẹ."

Ẹ̀rín pa Clotilde. Ọmọ Àgùdà ni, olùkọ́ ìṣirò ní Akpakpa, kọ̀ǹpútà méjìlá sì wà nílé ẹ̀kọ́ rẹ̀ tí wọ́n ní ó ti gbó kọjá ìlò. Ṣàkírù, Nàgó ará Kétu, ló jí gbogbo wọn dìde. Òun àti bí ogójì èèyàn ń kọ ètò tiwọn, èyí tí kọ̀ǹpútà fi ń jí, tí ó fi ń mọ iṣẹ́ tí yóò ṣe. Èdè kọ̀ǹpútà Python ni wọ́n ń lò, torí ẹni tó bá kọ́ ọ fún oṣù mẹ́ta lè ka ètò náà kó sì tún un ṣe. Àwọn ọ̀mọ̀wé ní irú èdè bẹ́ẹ̀ yóò lọ́ra jù. Síbẹ̀, wọ́n ń kọ ọ́ lọ, ẹni tó bá sì wù ú lè mú un lọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Clotilde bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn jókòó níbi iṣẹ́ wọn ní Agblangandan ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta. Wọ́n ní òfin kan: kò sẹ́ni tí í fọwọ́ sí iṣẹ́ ara rẹ̀, àfi kí ẹlòmíràn kà á kó tó wọlé sínú ètò náà. Clotilde ló ń ka ti Ṣàkírù, ó sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń kọ̀wé bí ẹni tí ebi ń pa. Kí ọdún tó yí, ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára.

Romuald, bàbá Clotilde, tí ń ta kọ̀ǹpútà tuntun, kò fẹ́ gbọ́. Ó ní òun kò tọ́ ọmọ fún ẹni tó ń fi iṣẹ́ rẹ̀ tọrẹ. Nígbà tó yá, ó pe Ṣàkírù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: kí ó gbé ètò náà fún ilé iṣẹ́ òun, kí wọ́n tì í pa, kí wọ́n máa tà á. Òun á sì fi ọmọ òun fún un.

Ṣàkírù kò fẹ́ pàdánù Clotilde. Ó kọ lẹ́tà pé òun gbà. Ṣùgbọ́n bó ti mọ́ ọn lára, kò lè fi í ránṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹlòmíràn kà á. Ó gbé e fún Clotilde.

Clotilde kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Mi ò gbà á wọlé."

"Torí rẹ ni mo ṣe kọ ọ́, olólùfẹ́ mi."

"Mo mọ̀. Ogójì èèyàn ló ṣe nǹkan yìí, Ṣàkírù. Tí o bá tà wọ́n kí o lè fẹ́ mi, ta ni èmi fẹ́ yẹn?"

Ṣàkírù gba lẹ́tà náà, ó fà á ya. Wọ́n jọ lọ bá Romuald.

"Pàpá," ni Clotilde wí, "ètò náà kì í ṣe ti Ṣàkírù láti tà. Èmi náà ò sí fún títà. A ti mú ọjọ́ ìgbéyàwó ní mẹ́rì. Inú mi á dùn bí ẹ bá wá, ṣùgbọ́n bí ẹ ò bá wá, a ó ṣe é."

Romuald ní òun kò ní wá.

Lọ́jọ́ náà, àwọn ogójì fara ti ògiri mẹ́rì, gbọ̀ngàn ìjọba ìlú, yíká. Bí òfin ti wí, ọ̀gá mẹ́rì bi tọkọtaya bóyá ohun ìní wọn yóò wà papọ̀ tàbí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

"Papọ̀ ni," ni Ṣàkírù wí.

"Gbogbo rẹ̀?" ni ọ̀gá náà bi í.

"Àfi ètò wa," ni Clotilde dáhùn. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí Romuald tó yọ́ wọlé. Kò rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ìyẹn kì í ṣe tiwa. Ti gbogbo ayé ni."

Bàbá rẹ̀ wá àga, ó jókòó.